Àyìnlá ti kú láti 1980, ọmọ ogún ọdún ló ń gbọ́ ọ l'Ẹ́pẹ́

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mò ń ná ẹja lọ́wọ́ ìyá kan l'Ẹ́pẹ́ níbí. Orin Àyìnlá Ọmọwúrà ló ń dún nínú fóònù ọmọ rẹ̀, tí kò lè ju ogún ọdún lọ. Ìyá ń gbè é, ọmọ ń gbè é. Èmi náà ti ń mi orí. Ni mo bá bi ara mi pé, ṣé ohun tó jẹ́ tàwọn ọ̀dọ́ nìkan tiẹ̀ ṣì wà?

Ẹ jẹ́ ká wo Àyìnlá fúnra rẹ̀. Ìtòkò l'Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, àmọ́ kò dúró ti owú. Ó wakọ̀, ó ṣe alápatà, ó bá àwọn ọmọ gáréèjì rìn, kí EMI tó máa gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde.

Òun kọ́ ló dá àpàlà sílẹ̀. Haruna Ishola ti gbajúmọ̀ ṣáájú rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ náà sì ní Ligali Mukaiba tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Àyìnlá fi ẹnu ìgboro kọ ọ́. Àwọn awakọ̀ àtàwọn ọlọ́jà gba tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ka ara wọn sí ọmọlúàbí ní orin ìpáǹle ni. Ó kọrin ètò ìkànìyàn 1973, ó kọrin owó ilé l'Ékòó. Ó tún ń bá àwọn obìnrin tó ń bóra wí, àfi bíi bàbá àgbà!

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ọtí kan l'Abẹ́òkúta láàárín òun àti ẹni tó ti ṣe máníjà rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ló dá a sílẹ̀. Wọ́n la kọ́ọ̀bù ọtí mọ́ ọn lórí, ó sì bá a lọ.

Ní 2021, Túndé Kèlání fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù. Orin tí wọ́n ń pè ní ti ìpáǹle ti wá di ogún ìdílé.

Lójú tèmi, ìkórìíra àgbà ló máa ń mọ odi yí nǹkan ọ̀dọ́ ká. Fóònù ti wó odi yẹn, kò sì dùn mí. Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀: owó ilé ìgbà tiẹ̀ ni Àyìnlá kọ lórin. Èmi àtẹ̀yin ṣì ń san owó ilé lónìí, ó sì ń ga sí i. Ta ló máa kọ tiwa, tí ọmọ ẹlẹ́ja míì á fi gbọ́ ọ ní ogójì ọdún sí i?