Hárúnà Ìṣọ̀lá: Àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tà, àmọ́ ó padà di ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ àwo

Àwo àkọ́kọ́ tí Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe lọ́dún 1948 kò tà rárá. Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kì nínú ẹ̀, ilé-iṣẹ́ HMV ló sì gbé e jáde, àmọ́ ọjà kò gbà á. Ẹlòmíì ì bá ti pa ìlù tì. Òde àríyá ni Hárúnà kọjú sí ní tiẹ̀, láti ìlú dé ìlú, títí táwọn olówó fi ń wá a kiri.

Ní nǹkan bí ọdún 1955, lẹ́yìn tí Ọba Adébóyè wàjà, ó padà sídìí orin yẹn, ó tún un kọ, ó sì mẹ́nu ba ikú ọba náà. Orin tí kò tà lọ́jọ́sí ló wá gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Àpàlà ló ń kọ, kò sì fi ohun èlò òyìnbó kankan sí i. Lásìkò táwọn oníjùjú ń fi gìtá dárà, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo ni tiẹ̀. Orí ìjókòó ló ti máa ń kọrin, àwọn onílù á rọ̀gbà yí i ká. Kì í kánjú. Òwe á tẹ̀lé òwe, ọ̀rọ̀ Kùránì á bọ́ sáàárín. Bàbá Gàní Àgbà làwọn èèyàn ń pè é.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló kó ọjà àwo sọ́wọ́ láyé ìgbà yẹn. Ohun tí wọ́n bá fún olórin ló máa gbà. Lọ́dún 1969, Hárúnà àti I.K. Dairo dá STAR Records sílẹ̀. Ẹ wò ó o, alápàlà àti oníjùjú, tí ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná! Wọ́n wà lára àwọn olórin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó dá ilé-iṣẹ́ àwo tara wọn sílẹ̀. Hárúnà tún kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Oroki Social Club, tó ṣe lọ́dún 1971, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọrin dé Benin, Ìlú Ọba, Faransé àti Jámánì. Lọ́dún 1981, ìjọba Ààrẹ Shagari fi oyè MON dá a lọ́lá.

Ọdún 1983 ló jáde láyé. Musiliu, ọmọ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà, orin Sọyọyọ rẹ̀ sì mú káwọn ọ̀dọ́ tí kò bá Hárúnà láyé máa jó àpàlà lóde.