Samuel Àjàyí Crowther: Ẹni tí ó Fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run Hùwà



Ẹni tí ó lè ka orí Ìwé Mímọ́ kan láìwojú ìwé kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ẹni tí ó ń fi í hùwà láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Àjàyí Crowther. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kí ó tó di Bíṣọ́ọ̀bù, tíṣà ni, bí àwa náà ti ń mura láti jẹ́.

Ìlú Òṣogùn ni a ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1809. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ṣì ń gbọ́únjẹ lọ́wọ́, ogun wọ Òṣogùn, ó sì jó o. Wọ́n fi okùn so Àjàyí àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì kó wọn lọ. Kò pẹ́ tí a fi yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin; nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, a dá ọmọ padà, a gba ẹṣin. Báyìí ni a ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí rà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà, ó sì gbé wọn lọ sí Freetown.

Níbẹ̀ ni ó ti rí ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ, ó tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ilẹ̀ rẹ̀ kan kí ó lè ra ìwé A B D tirẹ̀. Láàrin oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, lẹ́yìn èyí ni ó sì di tíṣà. Asano, tí a wá ń pè ní Susan, ni ó fi ṣe aya. A fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843, ó sì dé Abẹ́òkúta ní 1846.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ tí kò rí fún nǹkan bí ọdún 25 wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ara ìyá náà ń gbọ̀n, kò sì lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn. Crowther kò fi agbára mú ìyá rẹ̀ wọ inú ìgbàgbọ́. Ó gbé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1848, ìyá náà fúnra rẹ̀ gba ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuel inú Bíbélì. Báyìí ni ó ṣe pa òfin tí ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún òbí mọ́: nípa ìwà inú ilé.

Ó mọ̀ pé ènìyàn kò lè gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Nítorí náà ni ó ṣe ń tẹ́tí sí àwọn àgbàgbà, tí ó ń kọ òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, kí Ìwé Mímọ́ má baà dún bí èdè àlejò. Ìwé Róòmù jáde ní èdè wa ní 1850. Nígbà tí ó fi di 1884, òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti parí Bíbélì. Ó sì ti di Bíṣọ́ọ̀bù láti ọdún 1864.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù nínú Ìwé Mímọ́ ni pé kí a fẹ́ ọ̀tá wa. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kó o lẹ́rú, síbẹ̀, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Odò Ọya, kò bá àwọn Mùsùlùmí jà. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ ni ó fi ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀. Ní 1867, ìjòyè kan tí a ń pè ní Abokko mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Fell, òyìnbó tí ó wá gbà wọ́n sílẹ̀, ni ọfà olóró pa. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Crowther kò fi iṣẹ́ Odò Ọya sílẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn kò ti ọwọ́ kèfèrí wá. Ní 1890, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Dandeson pẹ̀lú wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí ohun tí arúgbó náà ṣe. Kò dákẹ́, nítorí ìdáríjì kì í ṣe pé kí a máa wòran nígbà tí a bá ń rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Ní ìpàdé Onitsha, ó gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì kọ̀wé ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò fi Ìjọ sílẹ̀, kò sì dá ẹgbẹ́ ọ̀tá sílẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Ní ọdún 2014, 150 ọdún lẹ́yìn tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù, olórí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní Canterbury tọrọ ìdáríjì ní gbangba fún ohun tí a ṣe sí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó tú ká sí ìletò àti ìlú ńlá. Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ yóò gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò wa, ṣùgbọ́n wọn kì yóò gbàgbé bí a ti bá òbí wa lò, bí a ti dá ẹni tí ó bú wa lóhùn, àti bóyá a dákẹ́ nígbà tí a ń jẹ aláìlẹ́ṣẹ̀ níyà. Níbẹ̀ ni wọn ó ti ka Bíbélì wa. Kí Ọlọ́run kí ó ràn wá lọ́wọ́.