Tezuka Osamu: ọmọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé, tó wá di àgbà ayàwòrán Jàpánì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara wa. Níléèwé tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, bí a bá ṣí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á kún fún àwòrán: ọmọdé olójú ńlá, irun rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹ̀gún, idà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú télé àti fóònù ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Èdè Faransé ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Jàpánì ló ti wá. Àwa àgbà kì í sábà rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ kan, a gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín ẹ̀kọ́, a sì tì í mọ́ inú àpótí tábìlì wa. Ká sọ òótọ́, a rò pé oore la ṣe é.

Ẹ̀yìn ìgbà náà la wá mọ ìtàn Tezuka Osamu dáadáa. Tezuka ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Osamu ni orúkọ tirẹ̀. Àwọn ará Jàpánì máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, bí àwa náà ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ kíláàsì. Máńgà ni wọ́n ń pe ìwé ìtàn aláwòrán tiwọn, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bédé. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Jàpánì ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló ní ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń yà á lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ń tẹ ìwé tiwọn, wọ́n sì ń kó o lọ tà ní ọjà ńlá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1975. Bí a bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ yìí ṣe gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi ká lọ wo ìgbà èwe Tezuka.

Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1928 ni wọ́n bí i ní Toyonaka, lẹ́bàá Osaka. Nígbà tó tó ọmọ ọdún márùn-ún, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Takarazuka, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ilé eré kan tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló ń ṣe eré níbẹ̀, tí wọ́n á tún múra bí ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ máa ń mú un lọ wò ó. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ Pathé-Baby kan, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ará Faransé ṣe láti máa fi wo fíìmù nínú ilé. Òun ni ọmọ náà fi mọ Charlie Chaplin àti Mickey Mouse. Máńgà pọ̀ nínú ilé wọn, ìyá rẹ̀ á sì máa kà á sókè fún un, á máa yí ohùn padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn bá ṣe yí padà.

Níléèwé, ayé kò rọrùn fún un. Ó kéré, awò wà lójú rẹ̀, irun rẹ̀ ká kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí irun tiwọn nà. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń mú un sunkún. Àwòrán ló gbà á sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ó lè ya ìtàn tó ń pa ni lẹ́rìn-ín, àwọn tó ń lù ú bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í láti mọ ibi tí ìtàn náà máa já sí. Ìgbà kan wà tí olùkọ́ gba ìwé àwòrán rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ o: àwọn olùkọ́ kà á láàárín ara wọn ní yàrá wọn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń wo ọmọ náà níran. Ohun tí àwọn olùkọ́ yẹn ṣe nìyẹn. Àwa ti tiwa mọ́ àpótí láì ṣí i.

Ó tún fẹ́ràn kòkòrò. Inú igbó tó wà nítòsí ilé wọn ló ti ń kó wọn jọ, á sì yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí gan-an, tẹsẹ̀ tìwo. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní osamushi. Nítorí pé ó jọ orúkọ rẹ̀, ó fi àmì tí wọ́n fi ń kọ kòkòrò kún Osamu tirẹ̀. Bí ó ṣe ń kọ orúkọ náà nìyẹn títí tó fi kú.

Ogun wá dé. Lọ́dún 1941 tó wọ iléèwé gíga, àwọn sójà ló ń darí ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ rí máńgà sójú. Lọ́dún 1944, àrùn awọ ara mú apá rẹ̀ méjèèjì. Ó burú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gé wọn. Dókítà kan ló wò ó sàn, ibẹ̀ ni òun náà ti pinnu pé òun máa di dókítà. Wọ́n fi òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan fún ogun. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, orí ilé ìṣọ́ ló wà nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí Osaka. Ó yè é. Ọ̀pọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò yè é, ó sì rí òkú lọ títí lẹ́bàá odò. Ẹni tó bá ka ìtàn rẹ̀ tó ń béèrè ìdí tí ikú àti ogun fi pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀, ibí ni kó wò.

Ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ó ti wo fíìmù àwòrán kan ní Osaka. Ogun ni fíìmù náà ń yìn, ṣùgbọ́n ẹwà àwòrán tó ń rìn ló rí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun náà á ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lọ́dún 1945 kan náà, ó wọ iléèwé ìṣègùn ní Osaka. Ní oṣù kìíní ọdún 1946, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni. Lọ́dún 1947, òun àti Sakai Shichima gbé Shin Takarajima jáde, ìwé olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ mẹ̀kúnnù lè rà. Ó tà lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí ló wà níbẹ̀? Ojú ìwé tó kọ́kọ́ hàn sí òǹkàwé ń sáré bíi fíìmù: ọkọ̀ jìnnà, ọkọ̀ súnmọ́, ọkọ̀ kọjá fìrì. Àwọn ọmọ tó jáde nínú ogun tí wọn kò ní nǹkan kan rí ohun tó ń gbé ọkàn wọn rìn.

Iṣẹ́ méjì wá ń fa ọmọkùnrin kan. Nínú kíláàsì ìṣègùn, àwòrán ló ń yà. Olùkọ́ rẹ̀ kan pè é, ó sọ fún un pé bó bá di dókítà, ó lè ṣi aláìsàn pa. Kó kúkú máa ya máńgà rẹ̀. Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá bi í èwo ló fẹ́ràn jù. Ó ní máńgà ni. Ìyá ní kó máa bá a lọ. Síbẹ̀, Tezuka kò sá kúrò níléèwé o. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó yege ìdánwò, ó gba ìwé àṣẹ dókítà. Lọ́dún 1961, ó tún gba oyè dókítà ìmọ̀ ìṣègùn lórí ìwádìí tó ṣe nípa ìgbín inú omi.

Ní Tokyo, ó gba yàrá kan lọ́dún 1953 nínú ilé pákó tí wọ́n ń pè ní Tokiwa-sō. Yàrá kékeré ni, ilé ìdáná sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Nígbà tó ń kó jáde, ó fi yàrá náà sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ méjì tó wá láti ìlú jíjìn nítorí pé wọ́n fẹ́ dà bíi rẹ̀, ó sì fi owó àsansílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn méjèèjì ló wá di Fujiko Fujio. Ọ̀kan nínú wọn ló ya Doraemon. Ishinomori Shōtarō àti Akatsuka Fujio náà gbé ilé yẹn nígbà tí wọn ò tíì ní nǹkan kan.

Iṣẹ́ tirẹ̀ kò dúró. Atom bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1952: róbọ́ọ̀tì tí bàbá kan ṣe láti rọ́pò ọmọ rẹ̀ tó kú, tó sì tà á fún ẹgbẹ́ eléré nígbà tó rí i pé kò lè dàgbà. Lọ́dún 1953, ó ya ìtàn ọmọbìnrin ọba tó ń múra bí ọkùnrin. Ilé eré Takarazuka tí ìyá rẹ̀ ń mú un lọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ọdún 1963 ni Atom dé orí télé, ìlérí ọdún 1945 sì ṣẹ. Ṣùgbọ́n a kì yóò fi ẹ̀yìn pamọ́. Kí télé lè gbà á, ó tà á ní owó tí kò tó ohun tó ná an. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yà á ń sùn sábẹ́ tábìlì. Títí dòní, owó àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Jàpánì kéré, wọ́n sì ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀bi rẹ̀ ṣe tó níbẹ̀. Ó tún máa ń jowú. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ Ishinomori nígbà kan, ẹni tó fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ojú tì í lẹ́yìn náà, ó sì lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1973, ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ wọ gbèsè, ó wó. Àwọn kan ní ìgbà rẹ̀ ti kọjá.

Ọdún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ Black Jack, ìtàn dókítà oníṣẹ́ abẹ tí kò ní ìwé àṣẹ. Ìmọ̀ tó kó níléèwé ìṣègùn, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti ṣòfò, òun ló gbé e dìde. Àwọn ọ̀dọ́ padà wá.

Ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1989 ni jẹjẹrẹ inú ikùn pa á, ó jẹ́ ẹni 60 ọdún. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó ṣì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́. Ojú ìwé tó yà lé ní 100,000. Láti ọdún 1994 ni ilé ìrántí rẹ̀ ti wà ní Takarazuka.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń yàwòrán ló máa di Tezuka, a mọ̀. Kò sì yẹ kí ọmọ fi àwòrán sá fún ìṣirò. Òun alára kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀: ìyá tó béèrè èwo ló fẹ́, dókítà tó gba apá rẹ̀ là, olùkọ́ tó ka ìwé kó tó dájọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìwé tó wà nínú àpótí wa, a ti ṣí i, a kà á dópin, a sì ti dá a padà fún ẹni tó ni í. A bi í bí ìtàn náà ṣe máa parí. Ó ní òun kò tíì mọ̀.