Rosalie Edge, Obìnrin tí ó Gba Àṣá Lọ́wọ́ Ìbọn

Bí a bá dúró ní àdúgbò Nimbo, ní ìlú Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, tí a sì gbójú sókè, ọ̀nà ńlá kan ni a ń wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó là á. Àwọn àwòdì tí wọ́n fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹun ní ìhà gúúsù a kọjú sí àríwá. Àwọn àṣá kan pẹ̀lú, tí oúnjẹ wọn jẹ́ ìdin agbọ́n, a jáde láti inú igbó ẹkùn wa wọ̀nyí, wọn a ré aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun Mẹditaréníà kọjá, wọn a lọ yé ẹyin ní Yúróòpù. Ìgbà ìrúwé ni àwọn ará ọ̀hún ń pe àsìkò náà, àwọn ènìyàn a sì máa dúró ní Gibraltar tàwọn ti awò awọ̀nàjíjìn lójú, wọn a máa ka àwọn ẹyẹ náà bí wọ́n ti ń kọjá. Àwọn ará wa, pàápàá àwọn ọmọ Ejigbo tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran, kò lè ṣàì ti rí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí lókè orí wọn.

Kí ni ènìyàn fẹ́ fi iye àṣá ṣe? Ẹni tí àṣá ti gbé òròmọdìyẹ rẹ̀ lọ rí kò ní fẹ́ kà á, òkò ni yóò wá. Ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú ìtàn obìnrin Amẹ́ríkà kan tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọjọ́ 3 oṣù November ọdún 1877 ni a bí Mabel Rosalie Barrow ní ìlú New York, nínú ilé tí ó rí jẹ tí ó rí mu. Ní 1909 ó rìn títí dé Yokohama ní ilẹ̀ Japan, níbẹ̀ ni ó sì ti fẹ́ Charles Noel Edge, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ wálé ní 1913, ó bá obìnrin kan láti Britain pàdé nínú ọkọ̀ òkun, ọ̀kan nínú àwọn tí ń jà kí obìnrin lè dìbò. Ìjà náà wọ̀ ọ́ lára. Ó di òṣìṣẹ́ pàtàkì nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní New York, àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ náà sì gba ẹ̀tọ́ ìbò ní 1917, ti gbogbo Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1920. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń kọ ìwé pélébé tí ń ta ènìyàn jí, àti bí a ti ń dìde béèrè ọ̀rọ̀ lójú àwọn ọ̀gá láìgbọ̀n. Àwa tí a mọ ohun tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe ní Abẹ́òkúta láàárín 1947 sí 1949 kò ní ṣe tiyèméjì pé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni.

Ní 1921 òun àti ọkọ rẹ̀ pínyà. Nínú ìbànújẹ́ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹyẹ ní Central Park, ọgbà ńlá àárín ìlú New York, títí ó fi di ẹni tí ó mọ̀ wọ́n dájú.

Ìwé pélébé kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1929, tí ó fi ẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ Audubon, ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, pé ó ń fojú fo bí a ti ń pa àwọn ẹyẹ run. Ìyáàfin Edge lọ sí ìpàdé ọdún wọn, ó dìde, ó béèrè ọ̀rọ̀. Inú wọn kò dùn. Ní ọdún yìí kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. A tún wá rí i pé ẹgbẹ́ Audubon ń gba owó lórí àwọn eku omi tí a ń fi pàkúté mú nínú ilẹ̀ ààbò tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ní Louisiana! Obìnrin yìí pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1931 kí wọ́n lè fún un ní orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó sì jàre. Ní 1934 olórí ẹgbẹ́ náà fi ipò sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò lè gbàgbé ni ti orí òkè. Òkè gígùn kan tí a ń pè ní Kittatinny nà la Pennsylvania kọjá. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkè ni í gbà, àwọn àṣá àti idì a sì tẹ́ ìyẹ́ lé afẹ́fẹ́ náà, wọn a máa yọ̀ lọ sí gúúsù láìlu apá, lọ́pọ̀lọpọ̀, nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Ìrìn wọn yìí ni àwọn ọlọ́dẹ fi ń pa wọ́n. Láti 1929 ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń san dọ́là 5 fún ẹni tí ó bá pa irú àṣá kan, ṣùgbọ́n ta ni ń dúró yẹ irú àṣá wò kí ó tó yìnbọn? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Pough, kó òkú àwọn ẹyẹ náà jọ ní 1932, ó tò wọ́n sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó sì ya àwòrán wọn. Àwòrán náà ni Ìyáàfin Edge rí tí kò fi lè sùn mọ́.

Kò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Ní 1934 ó yá dọ́là 500, ó fi háyà òkè náà, 1,400 éékà. Ó rán Maurice Broun àti Irma aya rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Irma dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá àwọn ọlọ́dẹ padà, ọkọ rẹ̀ sì wà lórí àpáta, ó ń ka ẹyẹ. Àṣá tí ó kà ní ọdún kìn-ín-ní ju 10,000 lọ. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Hawk Mountain, èyí tí í ṣe Òkè Àṣá, ilẹ̀ ààbò àkọ́kọ́ fún àwọn ẹyẹ apẹranjẹ ní gbogbo ayé. Wọ́n ń ka àwọn tí ń padà sí àríwá nígbà ìrúwé pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pọ̀ tó ti ìgbà ìwọ́wé.

Lọ́dọọdún ni a ń kọ iye náà sílẹ̀, àyàfi nígbà ogun àgbáyé kejì, ibi yìí sì ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Láti 1935 sí 1939, nínú idì 100 tí ó kọjá, 40 ni ọmọ ọdún kan. Láti 1955 sí 1959, àwọn ọmọ idì kò ju 20 lọ nínú 100. Ní 1957, ọmọ kan péré ni a rí sí àgbà 32. Àwọn àgbà ṣì ń fò, wọn kò ní ọmọ mọ́. Rachel Carson mú iye wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, ní 1962, láti fi hàn pé oògùn apakòkòrò DDT, oògùn kan náà tí a ti fọ́n sí ẹ̀fọn rí nílẹ̀ wa, ń ba ìran àwọn ẹyẹ jẹ́. Ní 1972 Amẹ́ríkà fòfin de DDT, idì sì tún pọ̀ sí i. Bí kò bá sí ẹni tí ó ti ka ẹyẹ kí oògùn náà tó dé, kí ni à bá fi wé kí?

Ní oṣù November 1962 kan náà, Ìyáàfin Edge, ẹni ọdún 85, lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ Audubon ní Texas. Gbogbo àwùjọ dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni ó kú.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Jean-Marc Thiollay, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, wo àwọn ẹyẹ apẹranjẹ ní Lamto, ní gúúsù Bouaké. Ó tún ka wọ́n lójú ọ̀nà ọkọ̀ ní Burkina Faso, Mali àti Niger láti 1969 sí 1973, ó sì padà gba ọ̀nà kan náà ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn odi àwọn ọgbà ẹranko tí ìjọba ń ṣọ́, igún ńlá àti idì ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Igún kékeré tí àwọn bàbá wa ń rí lórí ààtàn gbogbo ìlú náà ti wọ inú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu ìparun jù lọ ní 2015, a sì ń ta orí rẹ̀ ní ọjà àwọn lẹ́kúlẹ́jà wa.