Herbert Macaulay, Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Èkó

Àwọn olùkọ́ a máa bi ọmọ ilé ìwé léèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe bí ó bá dàgbà, ọmọ náà a sì dáhùn kíákíá. Bí ẹnìkan bá bi Herbert Macaulay bẹ́ẹ̀ ní èwe rẹ̀, a kò rò pé ìjà pẹ̀lú Ìjọba ni ìbá dárúkọ. Ìlú Èkó ni a bí i sí, ní ọjọ́ 14 oṣù Novẹ́ḿbà, 1864. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, òun ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì ni ìyá rẹ̀.

Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ Ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé orí rẹ̀ pé, ní 1890 wọ́n fi owó Ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ó mọ gòjé òyìnbó ta dáadáa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí ó padà dé ní 1893, a fi í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Ìjọba. Ẹni tí ó bá ń na ṣéènì lórí ilẹ̀ kò lè ṣàì béèrè ẹni tí ó ni ín, ibi tí ààlà wà, àti ìwé tí ẹni tí ó ń gbé orí rẹ̀ ní lọ́wọ́. Báyìí ni Macaulay ṣe mọ ilẹ̀ Èkó ní ìdílé ìdílé, ẹ̀kọ́ tí kò sí olùkọ́ kan ní Plymouth tí ó lè kọ́ ọ. Ó rí i bákan náà pé owó oṣù aláwọ̀ dúdú kò tó ti aláwọ̀ funfun. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ń wọnlẹ̀ fún ara rẹ̀.

Lójú tiwa, ìgbà náà kọ́ ni ó rí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a. Ní 1913 Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa. Àwọn ilé ẹjọ́ níhìn-ín ní olóyè kò ní ju àṣẹ àbójútó lọ lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó díẹ̀ ni ó tọ́ sí i. Olóyè Amodu Tijani Olúwa gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba dájọ́ pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, pé fífi tí Ọba Dòsùmú fi Èkó lé Ìjọba lọ́wọ́ ní 1861 kò gba ẹ̀tọ́ wọn, àti pé kí a san owó ilẹ̀ náà pé. Ẹ̀kọ́ tí Ìjọba sanwó rẹ̀ ti padà wá bá Ìjọba.

Ó ná an ní nǹkan. Ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí tí ó mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba rọ Elékòó lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó di 1931 kí ó tó padà wálé. Macaulay fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ti 1928 jẹ́ oṣù mẹ́fà, nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ̀ jáde. A kò sì ní fi ti 1913 pamọ́, nítorí ó wúwo jù ú lọ: owó ogún tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní ó ná. Ọ̀tá a máa fi èyí bú u, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ a máa fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fò ó kò lè mọ ìdí tí ọkùnrin tí ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba gbogbo ìjókòó mẹ́ta Èkó ní ọdún náà, kò fi jókòó sí ọ̀kankan nínú wọn. Òfin kò gba ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n láàyè. Egerton Shyngle, Eric Moore àti Adeniyi-Jones ni wọ́n wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Macaulay wà lóde, ó ń kọ̀wé.

Ní 1944, nígbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọgọ́rin ọdún, a fi í ṣe ààrẹ NCNC, Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà yí orílẹ̀-èdè ká láti tako ìlànà ìṣèjọba Richards àti àwọn òfin 1945, nínú èyí tí òfin ilẹ̀ àti òfin ìyọnilóyè wà. Kò sí ẹni tí ìbá dá arúgbó náà lẹ́bi bí ó bá jókòó sílé. Ó bá wọn lọ. Kánò ni àìsàn ti kọlù ú, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Mèé.