J. R. R. Tolkien: Olùkọ́ tí Ó Dá Ayé Kan Sílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Amazon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé eré ńlá kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì pè é ní The Rings of Power. Ìpín mẹ́jọ ni apá kìn-ín-ní rẹ̀, owó tí ìròyìn sì sọ pé wọ́n ná lé e lórí ju 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kò pẹ́ rárá tí àríyànjiyàn fi dé. Bí àwọn kan ti ń yin eré náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bú u, tọ̀tún tòsì sì ń fi orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo jà. Ọkùnrin náà kò lè dá wọn lóhùn, nítorí ó ti kú láti ọdún 1973. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a óò bá sọ̀rọ̀ lórí ogún olóògbé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ olóògbé fúnra rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kàn wá ní ọ̀nà méjì: olùkọ́ ni, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni a sì gbé bí i.

John Ronald Reuel Tolkien ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ kẹta oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892 ni a bí i ní ìlú Bloemfontein, ní ìhà gúúsù Áfíríkà, níbi tí baba rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá báńkì. Ní ọdún 1895, ìyá rẹ̀ mú òun àti àbúrò rẹ̀ lọ kí àwọn ẹbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Baba wọn dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Kò tún fi ojú kàn wọ́n mọ́. Àìsàn mú un, ó sì kú ní ọdún 1896.

Mabel, ìyá rẹ̀, ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní abúlé Sarehole, lẹ́bàá ìlú Birmingham, ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà, ó kọ́ wọn ní èdè Látìnì, ó sì kọ́ wọn ní orúkọ igi àti ewéko. Ní ọdún 1900 ó wọ Ìjọ Àgùdà; inú bí àwọn ẹbí, wọ́n sì dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró. Nínú ìṣẹ́ ni obìnrin náà ti ń tọ́ ọmọ títí àtọ̀gbẹ fi pa á ní ọdún 1904, nígbà tí a kò tí ì rí oògùn àrùn náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ rẹ̀ àgbà nígbà náà. Àlùfáà kan tí à ń pè ní Francis Morgan ni ó gba àwọn ọmọ òrukàn náà tọ́.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó pàdé Edith Bratt, tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn. Ìfẹ́ wọ̀ láàrin wọn, ṣùgbọ́n àlùfáà pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ rí i, kò sì gbọdọ̀ kọ lẹ́tà sí i, títí òun yóò fi di ẹni ọdún 21. Ó gbọ́ràn. Bí ọjọ́ náà ti pé, ó gbé kálàmù. Edith ti gbà láti fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó dá òrùka ẹni náà padà, àwọn méjèèjì sì ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹta ọdún 1916. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ogun gbé ọkọ ìyàwó lọ sí Somme ní ilẹ̀ Faransé. Ibà tí iná ara ń kó ran àwọn ọmọ ogun ni ó gbé e padà wálé láàyè. Nígbà tí ogun yóò fi parí ní ọdún 1918, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ti kú, àfi ẹnì kan.

Lẹ́yìn èyí ni ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Leeds ní ọdún 1920, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford láti ọdún 1925 títí di ọdún 1959. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe ni ó ti ń dá èdè tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú gírámà àti ìtàn ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá àwọn ẹ̀dá tí yóò máa sọ wọ́n, àti ayé tí wọn yóò máa gbé. Ní ọjọ́ kan tí ó ń ṣe àmì sí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé kí ó lè rí owó kún owó, ó bá ojú ìwé kan tí ẹnìkan kò kọ nǹkan sí. Ó kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ nípa ẹ̀dá kúkúrú kan tí ń gbé inú ihò. Gbólóhùn yìí ni ó bí The Hobbit, tí ó jáde ní ọdún 1937, ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́.

Ìwé ńlá rẹ̀, The Lord of the Rings, gbà á ní nǹkan bí ọdún méjìlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin Rayner Unwin ti ilé ìtẹ̀wé gbà láti tẹ̀ ẹ́, bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn lè pàdánù 1,000 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní ọdún 1954 àti 1955. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Akéwì W. H. Auden yìn ín gidigidi. Ní ọdún 1956, Edmund Wilson, alárìíwísí ará Amẹ́ríkà, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, ìyapa ẹnu lórí iṣẹ́ Tolkien kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọkàn Tolkien fúnra rẹ̀ pàápàá pín sí méjì lórí ọ̀ràn yìí. Nínú lẹ́tà gígùn kan ní ọdún 1951, ó sọ pé nígbà kan òun ti ní i lọ́kàn láti kọ àwọn ìtàn kan ní kíkún, kí òun sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn mìíràn láti fi àwòrán, orin àti eré orí ìtàgé parí ìyókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan mú ìwé eré sinimá wá fún un ní ọdún 1958, inú bí i. Ó tọ́ka sí àṣìṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ ti í ṣe sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ní ọdún 1969, ó ta ẹ̀tọ́ sinimá ìwé náà. Edith kú ní ọdún 1971. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, ní ẹni ọdún 81. Ibojì kan náà ni wọ́n jọ wà ní Oxford. Christopher ọmọ wọn ni ó to àwọn ìwé tí baba rẹ̀ kò parí, tí ó sì tẹ The Silmarillion jáde ní ọdún 1977.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí eré tẹlifíṣọ̀n náà. Ọdún 2017 ni Amazon ra ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní àṣẹ lórí The Silmarillion. Inú àwọn àfikún tí ó wà lẹ́yìn The Lord of the Rings ni wọ́n ti fa okùn ìtàn wọn yọ, wọ́n sì fi àròsọ tiwọn dí àlàfo. Àwọn tí ó fẹ́ràn eré náà yin ẹwà àwọn ìlú àti òkè inú rẹ̀, wọ́n yin orin rẹ̀. Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ní wọ́n ká ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún mọ́ ìgbà kúkúrú, àti pé ìtàn náà ń fà bí ìgbín. Àríwísí tí ó yẹ kí a gbọ́ ni èyí.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn bínú nítorí pé a rí ènìyàn dúdú láàrin àwọn iwin àti aràrá inú eré náà. Èébú tí wọ́n bu àwọn òṣèré náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣèré sinimá àtijọ́ fi jáde láti gbèjà wọn. Ìgbésí ayé Tolkien lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ hàn wá níhìn-ín. Ní ọdún 1938, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Jámánì fẹ́ mọ irú ẹ̀yà tí ó ti wá, ó kọ èsì líle kan nínú èyí tí ó kẹ́dùn pé òun kò ní baba ńlá láàrin àwọn Júù. Ní ọdún 1959, nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ní Oxford, ó dẹ́bi fún ìpínyà dúdú àti funfun tí a ń ṣe ní ilẹ̀ tí a bí i sí. Nínú ìwé rẹ̀ gan-an, ó sọ pé ẹ̀yà kan nínú àwọn Hobbit ní àwọ̀ ara tí ó dúdú ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí kò fi hàn pé ì bá fẹ́ràn eré náà. Ó ṣòro láti tẹ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìkórìíra ṣe ẹ̀sìn kò yẹ kí ó fi orúkọ rẹ̀ bọra.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ ní ìlú àti orílẹ̀-èdè yín gbogbo, ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò gbé ìtàn tiwa náà fún ẹlòmíràn láti fi ṣe eré. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n ka ìwé náà ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tí ó ti mọ ojú ilé tẹ́lẹ̀ ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá tún un ṣe, tàbí bí wọ́n bá wó o.