Käthe Kollwitz: Ìyá Tó Fi Abẹ́rẹ́ Ya Ẹ̀dùn Ọkàn

Ìtàn obìnrin ayàwòrán kan ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ọdún 1867 ni wọ́n bí Käthe ní Königsberg, ìlú tí wọ́n ń pè ní Kaliningrad ní Rọ́ṣíà báyìí. Bàbá rẹ̀ rí i pé ọwọ́ ọmọ náà dá múṣémúṣé, ó sì gba olùkọ́ fún un. Ní 1891 ó fẹ́ dókítà Karl Kollwitz. Àdúgbò àwọn tálákà ní Berlin ni wọ́n ń gbé. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni Käthe ń wò, tó sì ń yà.

Kì í ṣe bírò ló fi ń yà wọ́n o. Wọ́n á fi nǹkan bí ìda bo páànù bàbà, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí i. Tí wọ́n bá rì í sínú ásíìdì, ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá nìkan ni ásíìdì á jẹ. Wọ́n á fọ ìda kúrò, wọ́n á fi yíǹkì pa á, wọ́n á nu ojú rẹ̀. Yíǹkì tó kù sínú ìlà ni ẹ̀rọ máa tẹ̀ sára pépà tútù. Bí ásíìdì bá ṣe pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìlà á ṣe jìn tó, tí á sì dúdú tó.

Ní 1903, Käthe ṣe àwòrán ìyá tó gbá òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìlà ibẹ̀ ò dán rárá: ó ki, ó rí wúruwùru, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ha ògiri. Ara rẹ̀ ló wò nínú dígí tó fi yà á. Peter, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 7, ló gbé mọ́ra.

Ogun àgbáyé kìíní dé ní 1914. Peter ní òun máa lọ. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Käthe ló bá a bẹ bàbá títí tó fi gbà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Peter ti kú ní Belgium. Ọmọ ọdún 18 ni. Ọdún méjì péré ló fi ju èmi tí mò ń kọ èyí lọ.

Käthe ò gbàgbé pé òun lòun ní kó máa lọ. Ó di 1932 kó tó parí ère òkúta tó ṣe fún ọmọ náà: bàbá àti ìyá lórí ìkúnlẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ó ya ọ̀pọ̀ àwòrán tó lòdì sí ogun. Wọ́n yàn án sí Akadẹ́mì Iṣẹ́ Ọnà Prussia ní 1919. Nígbà tí ìjọba Hitler dé ní 1933, wọ́n fipá mú un kúrò níbẹ̀. Ní 1942, ọmọ ọmọ rẹ̀, tóun náà ń jẹ́ Peter, tún bá ogun lọ. Käthe fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹrin 1945, nígbà tí ogun ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó parí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ń lùlù ogun fún wa lọ́la, ẹ jẹ́ ká rántí ìyá yìí ká tó jó sí i.